Lẹ́tà Ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì: Ẹ Jẹ́ Kí Ilé Gba Àwa Tó Wà Nílé Kí Ẹ Tó Pe Àlejò

Ọlọ́lá jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Pọ́ńdò iyán ni mò ń ṣe, ọdún kọkànlá rèé. Obìnrin mẹ́fà àti ọkùnrin méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́. N kì í kọ lẹ́tà sí ìjọba. Ohun tí mo fojú ara mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé mi dé ìdí èyí.

Ẹnìkan tí àwa méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ òwò yìí gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí tírélà, ó sì kó wọn jáde kúrò ní Èkìtì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì títí wọ́n fi so okùn mọ́ wọn tán. Mo bi í pé ṣé ọjà kò tà ni. Ó ní ọjà ń tà. Mo ní ṣé iṣu ló wọ́n jù. Ó ní iṣu Èkìtì yìí kan náà ni òun yóò máa wá rà láti ibi tí òun ń lọ. Kí wá ni? Ó ní ó ti rẹ òun ni. Òṣìṣẹ́ méje tí ó gbà ló padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan tó mọ iṣu bó dáadáa, ti wá bẹ̀ mí níṣẹ́. N kò ní àyè.

Gómìnà wa, gbogbo ìgbà là ń gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ń wá olùdókòwò wá sí Èkìtì. Inú mi máa ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Olùdókòwò tó bá gbọ́n kò ní fi ìwé ìpolówó nìkan ṣe ìpinnu. Yóò wọ ìlú lọ, yóò bi ẹni tó ń yan búrẹ́dì ní Adó léèrè, yóò bi ẹni tó ń fọ ìrẹsì ní Ìgbemọ, yóò sì bi èmi náà. Ohun tí màá sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ gbọ́.

1. Ojú ọ̀nà. Ibí ni màá pẹ́ sí jù, nítorí ibí ló ń dùn wá jù.

Èkìtì kò ní ojú irin. A kò ní èbúté. Ohunkóhun tí a bá gbìn tàbí tí a bá ṣe, orí títì ló ń gbà. Ọ̀mùò ni mo ti ń ra iṣu. Láti Ọ̀mùò, a ó gba Òde, Agbádó, Ìlúọmọba àti Ìjàn kọjá, a ó wọ Adó, a ó sì dé Ìkẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ìrìn yìí, a kò kúrò lórí ilẹ̀ Èkìtì rárá.

Ó pẹ́ tí mo ti ń fura sí awakọ̀ mi. Iye tó máa ń sọ pé òun ná lójú ọ̀nà kò yé mi. Lóṣù tó kọjá, mo jókòó síwájú ọkọ̀ fúnra mi. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n dá wa dúró. Àwọn àkọ́kọ́ gba 3,000 náírà. Àwọn kejì gba 2,500. Àwọn kẹta gba 4,000, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi igi tí wọ́n kan ìṣó mọ́ sí iwájú táyà wa. Àwọn ìkẹyìn gba 2,000. Ó jẹ́ 11,500 náírà lórí ọkọ̀ iṣu kan ṣoṣo. Méjì fún wa níwèé, méjì kò fún wa ní nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n fún wa kò sì ní orúkọ báńkì tàbí nọ́ńbà àkáǹtì kankan lórí. Nígbà tí a délé, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ awakọ̀ mi.

N kò ní dárúkọ ẹni tí wọ́n ní ó rán wọn, nítorí n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá wa dúró lẹ́ẹ̀kẹta kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń pe owó yìí?" Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, kò rí i kà. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má bínú. Iye tí wọ́n ní kí n mú wálé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wá."

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ mi ń rin ọ̀nà náà. Ó di 23,000 náírà lọ́sẹ̀ kan, ó di 92,000 lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó oṣù ọmọbìnrin tó wá bẹ̀ mí níṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀, Gómìnà wa. Ojú ọ̀nà Ọ̀mùò ló wà.

Láti 1998 ni òfin àpapọ̀ lórí owó orí àti owó òde ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn agbowó ìjọba fúnra wọn, dí ojú ọ̀nà láti gba owó. Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ sí ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Ẹ̀bẹ̀ mi kọ́ ni pé kí ẹ ṣe òfin tuntun. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ẹ fi ohùn yín kéde pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ tó kó ọjà dúró láti gba owó láàárín ààlà Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 gbogbo, kí ẹ sì fún wa ní nọ́ńbà tẹlifóònù kan tí awakọ̀ lè pè bí wọ́n bá dá a dúró. Kí ẹni tó bá gbé ìpè náà jẹ́ ẹni tó láṣẹ láti ṣe nǹkan.

2. Ìwé tí kì í tán. Mo ní fáìlì kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé owó òde oríṣi 14 ló wọ inú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ti bọ́ọ̀dù tí mo kọ orúkọ sí wà níbẹ̀. Ti wọlé-wọlé wà níbẹ̀. Ti rédíò wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ariwo ẹ̀rọ ìlọ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ rédíò lọ́dọ̀ mi. Nǹkan kan náà ni méjì nínú wọn ń gba owó lé lórí, ọwọ́ tó kọ wọ́n nìkan ló yàtọ̀. Kò sí èyí tí mo kọ̀ láti san. Mo san gbogbo wọn. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń wá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lórí ìwé tí mo ti san, tí màá sì máa wá rìsíìtì kiri nígbà tí iṣu tí a ti bó wà nínú omi.

Tèmi ṣì fúyẹ́. Ẹ wo ìyá tó ń yan bọ̀ọ̀lì létí títì. Bí wọ́n bá já tíkẹ́ẹ̀tì 200 náírà fún un lójoojúmọ́, tó bá sì jókòó sọ́jà fún 300 ọjọ́ lọ́dún, 60,000 náírà ti lọ. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 800,000 náírà lọ, kò gbọ́dọ̀ san owó orí lórí rẹ̀. Òfin ti fi ìyá yìí sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì kò fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo owó tí oníṣòwò kékeré gbọ́dọ̀ san ní Èkìtì, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, wà lójú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ kọ iye rẹ̀ sí i. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo gbọ̀ngàn ìlú, gbogbo ọjà àti gbogbo sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ní Yorùbá. Ohun tí kò bá sí lórí ìwé náà, kí ẹnikẹ́ni má san án. Kí a máa san án lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú báńkì tàbí lórí fóònù, kí rìsíìtì kan ṣoṣo sì tó wa.

3. Ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe, nítorí Èkìtì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2020, Gómìnà Kayode Fayemi fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dín owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san kí wọ́n tó ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ilẹ̀ kù, láti 4,500 náírà sí 145 náírà lórí mítà kan. Ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ni. Àlàyé tí wọ́n ṣe nígbà náà mọ́gbọ́n dání: bí owó àtiwọlé bá wọ́n jù, ẹni tó yẹ kó wọlé kò ní wọlé, ìjọba kò sì ní rí owó tó ń lé gbà. Ọ̀rọ̀ tó bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún wáyà, kí ló dé tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún iṣu?

Ìjọba tún ń kọ́ àgbègbè ìmọ̀ àti ìṣòwò ńlá kan ní Adó, tí wọ́n ń pè ní Ekiti Knowledge Zone. Mo fẹ́ kó yọrí sí rere. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di pọ́ńdò sínú ọ̀rá fún mi kàwé gboyè ní fásitì, tí ibẹ̀ bá ṣí, ó yẹ kó rí iṣẹ́ tó bá ìwé rẹ̀ mu. Ìdí tí wọ́n sì fi ń dá irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ọdún 1992, ni pé kí ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ owó orí àti owó òde lóríṣiríṣi. A jẹ́ pé ìjọba mọ̀ pé owó òde púpọ̀ ń lé ilé-iṣẹ́ sá. Ìmọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kó jáde kúrò nínú ọgbà tuntun náà, kó wá bá wa ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò, ní Ìkọ̀lé. Ìtura tí ẹ ṣètò sílẹ̀ de ẹni tí kò tíì dé, ẹ bù díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tó ti ń san owó oṣù fún ọmọ Èkìtì láti ọdún mọ́kànlá.

4. Iná. Màá ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí, nítorí mo lérò pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò iná kò tíì wọ ilé-iṣẹ́ pọ́ńdò rí. A ó bó iṣu, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó bọ̀ ọ́ díẹ̀, a ó sì kó o sínú ẹ̀rọ ìgbẹ lójú ẹsẹ̀. Bí iná bá lọ fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lásìkò yìí, àwọ̀ iṣu á yí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Oníbàárà Èkó kì í ra pọ́ńdò tó pọ́n. Funfun báláú ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó bá ti pọ́n, èlùbọ́ ló kù tí a lè sọ ọ́ dà, owó rẹ̀ kì í sì í tó ìdajì. Nítorí náà, jẹnẹrétọ̀ ni. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí epo ti dà láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀.

Nígbà kan, ìjọba ìpínlẹ̀ lè sọ pé Àbújá ló ni ọ̀rọ̀ iná. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Òfin iná mànàmáná ti 2023 gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa darí ọjà iná tirẹ̀, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fa àṣẹ náà lé lọ́wọ́ ní 2024. Ẹ kú oríire rẹ̀. Àmọ́ kí ni àṣẹ yìí ti yí padà fún ẹni tó ń lọ nǹkan, ẹni tó ń jó irin, ẹni tó ń ta ẹja dídì?

N kò béèrè fún iná wákàtí 24. Wákàtí mẹ́wàá tó dúró ṣinṣin ni mo fẹ́, tí mo sì mọ ìgbà tí yóò dé àti ìgbà tí yóò lọ. Bí mo bá mọ̀ pé aago mẹ́fà àárọ̀ ni iná ń dé, aago mẹ́rin òru ni àwọn ènìyàn mi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bó iṣu. Iná tó ń wá bí olè ló ń pa wá. Ẹ mú ìlú mẹ́ta tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ilé ìlọ̀ pọ̀ sí jù, kí ẹ bá ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná kọ àdéhùn wákàtí, kí ẹ sì kéde rẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, kí wọ́n san owó ìtanràn. Ẹ fi ọdún kan dán an wò.

5. Ilẹ̀. Ọwọ́ ẹbí kan ni mo ti ra ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ mi wà. Rìsíìtì ẹbí wà lọ́wọ́ mi, àwọn ẹlẹ́rìí wà láàyè. Báńkì kò kà á sí. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ni wọ́n fẹ́ kí n mú wá kí wọ́n tó yá mi lówó tí màá fi ra ẹ̀rọ ìgbẹ ńlá. Àwọn tí mo bi léèrè iye tí yóò ná mi, kò sí méjì tí iye tí wọ́n pè bá ara mu. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ tó ní C of O dúró fún owó yíyá sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni òfin dìídì sọ pé ọwọ́ yín ló wà, kò sí lọ́wọ́ Àbújá. Ẹ kéde iye owó rẹ̀ látòkèdélẹ̀, ẹ fi iye ọjọ́ sí i, ẹ sì dín owó náà kù fún ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ kékeré bá wà lórí rẹ̀.

6. Ààbò. Lórí èyí, n kò ní pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní agbègbè Ìkọ̀lé, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Èmùré. Láti ìgbà náà, àwọn àgbẹ̀ tó ń tà fún mi kì í lọ sí oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbin iṣu sí. Iṣu ẹ̀yìn ilé kì í pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí pọ́ńdò dínwó, kó wá ọ̀nà tí àgbẹ̀ yóò fi lè sùn ní ahéré.

7. Ẹ ra tiwa. Mo wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Adó, mo ka oríṣi pọ́ńdò márùn-ún lórí pèpéle. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní Èkìtì. Èkìtì, ilé iyán! Mo dúró níwájú pèpéle náà títí tí ẹ̀ṣọ́ fi wá bi mí pé ṣé ara mi yá. Ìjọba ń ṣe àpèjẹ, ìjọba ń bọ́ aláìsàn ní ọsibítù, ìjọba ń gba àlejò. Kí ìrẹsì ibẹ̀ jẹ́ ti Ìgbemọ, kí ẹní tí ẹ fi ń ṣe àlejò lọ́ṣọ̀ọ́ jẹ́ ti Ògòtún, kí ìkòkò jẹ́ ti Ìsàn. Kí ẹ sì san owó rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nítorí oníṣòwò kékeré kò lè dúró de owó fún ọdún kan kó má kú.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Mo dàgbà tó láti rántí ariwo tó máa ń wà nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Gbogbo wa la mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ aṣọ Odù'a ní Adó dákẹ́. Gbogbo wa la mọ iye ọdún tí oko wàrà Ìkún fi sùn kó tó di pé ìjọba bá ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣe àjọṣe, tó sì jí. Níbi kankan nínú wọn, ọjọ́ ìṣíde kọ́ ni ìṣòro. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni, àti ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn oníròyìn ti lọ, tí ẹ̀rọ sì nílò iná, ọ̀nà àti ẹni tí kò ní dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀ ju èyí tí a lè bẹ̀rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́: kí àwọn igi oníṣòó kúrò lójú ọ̀nà, kí ojú ìwé owó òde kan ṣoṣo jáde. Ti iná àti ti ilẹ̀, mo mọ̀ pé wọn yóò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì lè sọ fún wa bí wọn yóò ṣe pẹ́ tó. Àwa oníṣòwò lè fara da ohun tí a bá mọ ọjọ́ rẹ̀.

Fáìlì mi wà nílẹ̀. Bí ẹ bá rán ẹnikẹ́ni wá sí Ìkẹ́rẹ́, màá ṣí i fún un, bébà kan lẹ́yìn èkejì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni a tún ń lọ ra iṣu ní Ọ̀mùò, aago márùn-ún ìdájí la máa gbéra. Àyè ẹnìkan ṣì wà níwájú ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Obìnrin alápọ́ńdò kan,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.